Ta Ni Kí N Mú Lálẹ́ Yìí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, Sábó ní Ṣàgámù ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Fóònù ni mo ń tún ṣe níbẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́wàá la jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran kan ládùúgbò wa. Láti Oṣù Kẹjọ tí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀ la ti jọ máa ń ṣe Fantasy Premier League (FPL). Ẹ má pè é ní ìgbéraga o, mi kì í jìnnà sí òkè níbẹ̀.

Ìgbà tí Champions League bá wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ ni nǹkan máa ń yí padà. A ní èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù méje sórí WhatsApp láti inú àwọn ikọ̀ tó ń gbá lálẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ́lé kan, ẹ̀yìn méjì, àárín méjì, iwájú méjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ju mẹ́rin lọ nínú ikọ̀ kan. Kálukú á fi ẹnì kan ṣe balógun, póíntì onítọ̀hún á sì di ìlọ́po méjì. Bí FPL ṣe ń ka póíntì làwa náà ń kà á. Ẹgbẹ̀rún kan náírà la ń dá, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ń jìyà. Àwọn tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ wọn ni mo máa ń mú, wọ́n á sì já mi kulẹ̀. Ẹnì kan wà láàárín wa tó ń ta obì, tí oorun máa ń gbé lọ kí eré tó parí, òun ló ń kówó wa lọ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Calgary, ní Kánádà, ní àwọn náà ń ṣe irú rẹ̀ lórí hockey orí yìnyín, pé ó ní bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n. Kò ráyè ṣàlàyé fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe máa yàn wọ́n? Ṣé kí n kó wọn jọ láti inú ikọ̀ kan ni, àbí kí n fọ́n wọn ká? Ìyàwó mi ní tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀, pé kò yàtọ̀ sí lọ́tìrì Baba Ìjẹ̀bú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èmi ni, àbúrò yín ní Sábó.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa kàn tó bá yá, mi ò ní fò ó dá.

Ká ti ọ̀dọ̀ oní-obì yín bẹ̀rẹ̀. O rò pé oríire ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta obì ní Ṣàgámù kì í rà á lójú àpò. Á dà á sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Mo fura pé bó ṣe ń ṣe agbábọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Níwọ̀n bí kò ti ní ìràwọ̀ kankan tó ń bọ, ohun tó máa bi àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé onítọ̀hún máa wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé wọn kì í tètè yọ ọ́? Ta ló ń gbá pẹ̀nálítì wọn? Ìwọ mọ orúkọ jù ú lọ, orúkọ náà ló sì ń kó bá ọ. Nínú eré alẹ́ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú là ń rà, a kì í ra òkìkí.

Wò ó lára Super Eagles. Nígbà tí wọ́n lọ gbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, kò tíì pé oṣù méjì tí Victor Osimhen gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ká ní ẹ ti ń ṣe tiyín nígbà náà, mo mọ ẹni tí ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ìbá fi ṣe balógun lójoojúmọ́. Góòlù mélòó ni Osimhen gbá wọlé nínú ìdíje náà látòkè délẹ̀? Ẹyọ kan, sáwọ̀n Equatorial Guinea, nínú eré àkọ́kọ́ gan-an. William Troost-Ekong tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń gbá, tí kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó lé àwọn atamátàsé lọ, òun gbá mẹ́ta: pẹ̀nálítì kan sáwọ̀n àwọn onílé ní ìpele ìsọ̀rí, pẹ̀nálítì kan sáwọ̀n South Africa ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àti èyí tó fi orí kàn wọlé ní àṣekágbá. Côte d'Ivoire ló gba ife náà, 2 sí 1, síbẹ̀ Troost-Ekong ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà.

Fi ìṣirò tiyín kà á. Ẹ̀yìn tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ń gba póíntì 6. Iwájú tó bá ṣe ohun kan náà, 4. Ẹ̀yìn tí ikọ̀ rẹ̀ kò bá jẹ góòlù kankan, 4 mìíràn. Iwájú kì í rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ẹni tó bá lo 60 ìṣẹ́jú, 2. Nínú eré 1 sí 0 tí a fi na Côte d'Ivoire ní ìsọ̀rí, Troost-Ekong ìbá gbé póíntì 12 wálé fún ọ, láìtíì ka ẹ̀bùn orí ẹ̀. Osimhen ńkọ́? Òun ni wọ́n gbé ṣubú tí pẹ̀nálítì fi wáyé, FPL sì máa ń fi 3 dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá. 3 àti 2, 5 nìyẹn. Ẹni tó jìyà gba 5, ẹni tó dúró síwájú bọ́ọ̀lù tó gbá a gba 12.

Ní ti South Africa, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó fi Osimhen ṣe balógun. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé nítòótọ́, gbogbo ilé ìwòran láti Ìpẹru dé Ìṣarà ti fò sókè, VAR dá eré padà sẹ́yìn, ó fagi lé góòlù náà, ó sì fún South Africa ní pẹ̀nálítì ní apá kejì pápá. Mi ò tíì rí kí ìrètí ènìyàn yí padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí mo rò pé oní-obì yín ìbá mú nígbà náà ni Stanley Nwabali. Chippa United ní South Africa ló ti ń gbá nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n rí kó tó di pé ó dúró sẹ́nu ilé wa. Eré mẹ́rin léraléra, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Cameroon, Angola, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rẹ̀. 4 àti 2 nínú eré kọ̀ọ̀kan, 24 nìyẹn, láìka àwọn bọ́ọ̀lù tó mú. Aṣọ́lé ni wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ kún àyè nínú WhatsApp, mo mọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń mú. Ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, òun ni kó o kọ́kọ́ rò.

Ohun tó fà á ni pé ikọ̀ tó bá fìdí rẹmi á palẹ̀ ẹrù mọ́. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣí pápá sílẹ̀ nígbà tí líìgì ń lọ, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Wọ́n á kó ènìyàn sẹ́yìn, eré á le, góòlù á sì máa ti ẹ̀gbẹ́ wọlé: pẹ̀nálítì, kọ́nà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ gbá. Ní Oṣù Kẹrin 2025, Arsenal gbá Real Madrid 3 sí 0 nínú Champions League. Mbappé wà nínú pápá, Vinícius wà nínú pápá, Declan Rice tó ń gbá àárín ló fi bọ́ọ̀lù tí a tẹ́ kalẹ̀ gbá méjì wọlé. Àárín tó bá gbá wọlé ń gba 5, má gbàgbé. Nítorí náà, kí o tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, wá ẹni tó ń gbá nǹkan wọ̀nyí fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni méjì bá jọra lójú rẹ, tí ọ̀kan ń gbá pẹ̀nálítì tí èkejì kì í gbá á, ìjà ti parí nìyẹn.

Mi ò sọ pé kí o máa sá fún góòlù o. Inter àti Barcelona gbá 3 sí 3 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní 2025, wọ́n tún gbá 4 sí 3 nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó gbá wọn. Denzel Dumfries gbá méjì ó sì fún ẹlòmíràn ní ọ̀kan nínú eré àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Francesco Acerbi tó ti pé ọmọ ọdún 37 ló gbá èyí tó gba Inter là nínú eré kejì nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti tán. Ẹ̀yìn lòun náà. Paris Saint-Germain (PSG) tó gba ife ọdún náà ńkọ́? Achraf Hakimi àti Nuno Mendes, ẹ̀yìn ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, àwọn méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Aston Villa lálẹ́ ọjọ́ kan náà ní Birmingham. Hakimi tún gbá ọ̀kan sáwọ̀n Arsenal, òun náà ló tún ṣí ilé Inter ní àṣekágbá tó parí sí 5 sí 0. Ẹ̀yìn tó máa ń sáré lọ síwájú ni owó tó sọnù sílẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kì í tẹ̀ ba mú.

Ó ku ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà jù, ìyẹn eré ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nínú Champions League, ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ̀ méjì ń pàdé kí ọ̀kan tó já, àfi ní àṣekágbá. O kò lè yan ènìyàn fún eré kejì láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àkọ́kọ́. Barcelona na Dortmund 4 sí 0 ní Spain ní Oṣù Kẹrin 2025. Nígbà tí wọ́n lọ sí Jámánì lọ́sẹ̀ kejì, ta ni ìwọ ìbá kó? Mo mọ̀ pé Barcelona ni. Dortmund tó jẹ́ pé wọn kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí wọ́n máa gbá a lọ síwájú, àwọn ni wọ́n borí 3 sí 1, Serhou Guirassy sì gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Barcelona ló tẹ̀ síwájú, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ta tẹ́tẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ síwájú, póíntì alẹ́ ọjọ́ náà lò ń wá. Béèrè ikọ̀ wo ni kò lè sinmi. Níbẹ̀ ni kí o ti mú iwájú.

Ní ti aṣọ́lé, yàtọ̀ sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbá sáwọ̀n rẹ̀, wá ẹni tí iṣẹ́ máa pọ̀ fún. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó bá mú, póíntì 1 ni. Ní Oṣù Kẹta 2025, PSG da ìbọn bo Liverpool ní Paris, Alisson mú bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, Liverpool sì yọ́ gbá ẹyọ kan lọ́wọ́ ìparí. 3 fún èyí tó mú, 4 fún góòlù tí kò jẹ, 2 fún ìṣẹ́jú: 9 nìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù á ba ẹ láti mú nítorí pé ikọ̀ kejì le jù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, PSG gbẹ̀san ní Liverpool, ó di pẹ̀nálítì wòmí-kí-n-gbá-a-sí-ọ, Donnarumma sì mú méjì. Ṣé ó ní póíntì? Ìjà tó máa ń tú irú ẹgbẹ́ yín ká nìyí. FPL kò ní òfin fún un nítorí pé líìgì ni tirẹ̀, kò sí irú pẹ̀nálítì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó pinnu rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má kà á, kí ẹ ka àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìkan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Calgary kò parọ́. Irú èyí tí ẹ ń ṣe lálaalẹ́ yìí, òwò ńlá ni ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ilé-iṣẹ́ FanDuel bẹ̀rẹ̀ ní 2009, DraftKings tẹ̀ lé e ní 2012. Hockey orí yìnyín, ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kan ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé wà lára wọn. Àwọn iwájú mẹ́ta mẹ́ta ló jọ ń wọlé, kò sì tó ìṣẹ́jú kan kí mẹ́ta mìíràn tó gba ipò wọn. Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wò ni aṣọ́lé tí wọ́n kéde pé òun ló máa bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni àwọn mẹ́ta wo ló jọ ń wọlé pọ̀. Wọ́n á kó méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn pa pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá gbá wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fún un. Wọn kì í sì í mú aṣọ́lé kan kí wọ́n tún mú àwọn tó máa gbá lù ú.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì wà níbẹ̀. Nínú méje tí ẹ ń mú, fi aṣọ́lé àti ẹ̀yìn kan so pọ̀ láti inú ikọ̀ kan náà: bí ikọ̀ náà kò bá jẹ góòlù, 4 yóò di 8 lẹ́ẹ̀kan. Mú ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá pẹ̀lú ẹni tó ń gbá a wọlé, láti inú ikọ̀ kan. Mẹ́rin tí òfin yín fàyè gbà, lò ó pé lórí ikọ̀ kan tí o gbà gbọ́, kí o wá fọ́n mẹ́ta tó kù ká. Ẹni tó bá fọ́n méjèèje ká sáàárín gbogbo ikọ̀ tó ń gbá, póíntì rẹ̀ máa ń wà láàárín. Kì í kẹ́yìn, kì í sì í gbowó. Owó tí ẹ ń dá, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó o. Ipò kejì àti ipò kẹwàá, bákan náà ni lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ balógun náà kò jìnnà sí èyí, òun gan-an ni mo rò pé ó ń pa ọ́. Bí ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá fi ẹnì kan ṣe balógun, tó sì gbá mẹ́ta wọlé, kí ni ó fi kún un fún ọ? Kò sí nǹkan kan. Gbogbo yín lẹ gùn ún gòkè pọ̀. Ẹni tó bá fi ẹlòmíràn ṣe balógun, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, òun nìkan ló máa dá lọ síwájú. Ní FPL tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ 38, ó bọ́gbọ́n mu kí o tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí balógun kí o má baà jábọ́. Lálẹ́ kan ṣoṣo, láàárín ènìyàn mẹ́wàá, ìyẹn kò lérè. Mú ìràwọ̀ tí gbogbo wọn ń mú bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n fi ẹni tó ń gbá pẹ̀nálítì nínú ikọ̀ kejì ṣe balógun.

Nípa ìṣẹ́jú: orúkọ mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde ní nǹkan bí wákàtí kan ó lé díẹ̀ ṣáájú eré. FPL kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ìyẹn, torí ó ti ń ti ilẹ̀kùn ní 90 ìṣẹ́jú kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tiyín kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Má fi orúkọ ránṣẹ́ láti ọ̀sán nítorí kí o lè ráyè tún fóònù ṣe. Dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde, kí fóònù tìrẹ ní iná. Mọ̀ pẹ̀lú pé títí di ìparí Oṣù Kẹta, aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa ni ọ̀pọ̀ eré wọn ń bẹ̀rẹ̀; tí Yúróòpù bá ti yí aago wọn padà, ó di aago mẹ́jọ. Àwọn kan ti pàdánù alẹ́ kan gbáko sí ìyẹn.

Kí o sì máa wo ọjọ́ tí ikọ̀ kan gbá kẹ́yìn. O rántí ìdíje ikọ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi parí líìgì Nàìjíríà ní Oṣù Kẹfà 2023, ní pápá Onikan l'Ékòó? Eré márùn-ún fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè lo gbogbo rẹ̀ tán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní láti pààrọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Enyimba gba ife, Remo Stars tiwa ṣe ipò kejì. Ẹni tó bá ń yan méje lójoojúmọ́ níbẹ̀, ẹni tó sinmi lánàá ló yẹ kó máa wá.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Remo Stars, jẹ́ kí n sọ èyí kí inú máa bí ọ díẹ̀. Ọmọ Rẹ́mọ ni wá, inú wa dùn nígbà tí wọ́n gba ife líìgì àkọ́kọ́ wọn ní 2025 lábẹ́ Daniel Ogunmodede, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì lọ́dún méjì léraléra. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Mamelodi Sundowns wá bá wọn ní Abẹ́òkúta nínú ìdíje Áfíríkà, ó sì gbá wọn 5 sí 1. Bí o bá mú aṣọ́lé àti ẹ̀yìn wa lọ́jọ́ náà nítorí ìfẹ́ ilé, ayò méjì tí wọ́n bá jẹ ń yọ póíntì 1, póíntì ìṣẹ́jú wọn á ti bá a lọ. Ìfẹ́ ikọ̀ ẹni, lórí àga ìwòran ni kó máa mọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ. Mi ò ní parọ́ fún un nítorí pé ìwọ lo kọ̀wé sí mi. Bí owó bá ti wọ̀ ọ́, tí ẹnì kan ń jẹ tí mẹ́sàn-án ń pàdánù, ó ní tẹ́tẹ́ nínú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Baba Ìjẹ̀bú kéré ju bí o ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Níbi tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà, kò sí ohun tí o lè mọ̀ tó máa mú kí bọ́ọ̀lù kan jáde ju òmíràn lọ. Níbi tiyín, ẹni tó mọ ẹni tó ń gbá pẹ̀nálítì sàn ju ẹni tí kò mọ̀. Èkejì, owó tí ẹ̀yin mẹ́wàá bá dá, ọ̀dọ̀ yín ló ń yí ká. Nínú òwò tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ ń yọ tirẹ̀. Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ṣàìmọ èyí: ọmọ Ìpẹru ni Kesington Adebutu tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Baba Ìjẹ̀bú, Kunle Soname tó ni Remo Stars wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀. Òwò tó bófin mu ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ń là, kì í ṣe ẹni tó ń rà á.

Ìṣirò tirẹ náà nìyí. Ẹ̀yin mẹ́wàá, ká ní ọgbọ́n yín dọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá ni owó máa kàn ọ́. Ká ní gbogbo ohun tí mo kọ síbí mú kí o sàn jù wọ́n lọ ní ìlọ́po méjì, o ṣì máa pàdánù ní bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá. Alẹ́ kan kéré jù kí ọgbọ́n tó hàn nínú rẹ̀. Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ ká póíntì gbogbo alẹ́ jọ láti ìpele ikọ̀ mẹ́rìndínlógún títí dé àṣekágbá, kí ẹ dá owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ pín in. Ẹgbẹ̀rún kan náà tí ẹ ń dá lálẹ́ kan ti tó fún gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n máa hàn.

Àbúrò rẹ tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ má jẹ́ kó dá kọ́bọ̀. Jẹ́ kó máa ka póíntì fún yín. Ìṣirò dáa fún un. Bí ọwọ́ yín bá sì dilẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí Remo Stars bá ń gbá nílé, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ fi méje yín ṣe é níbẹ̀ láìdá owó kankan. Ojú yín ni ẹ máa fi rí ẹni tó ń gbá kọ́nà àti ẹni tó ti rẹ̀.

Jókòó lálẹ́ òní, kí o ṣírò gbogbo iye tí o ti dá láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ kó tó bi ọ́.